Lavonne Tí Kò Ju Bọ́ọ̀lù Sápẹ̀rẹ̀ Rí

Lavonne Frerichs ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ bó bá na ọwọ́ láti gbé ìkòkò tíì sórí tábìlì, ẹ ó rí i pé ọwọ́ náà gùn ju bó ti yẹ lọ. Nígbà èwe rẹ̀, ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ọkùnrin gìrìpá kan ni Ọlọ́run fẹ́ mọ, àfi ìgbà tó mọ apá tán ló yí èrò padà. Ní ìlú Amsel, ní Áíówà, níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ orúkọ ajá ara wọn, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Bó bá ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn obìnrin tó ti di ìyá àgbà a fi àgbọ̀n júwe rẹ̀ fún ọmọ ọmọ wọn: "Ṣé o rí màmá yẹn? Òun ló so ọwọ́ Joylene Pruitt mọ́ ọn lára ní Des Moines."

Bẹ́ẹ̀, obìnrin tí wọ́n ń júwe yìí kò ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìdíje. Òfin ni kò gbà á láyè. Láyé ìgbà yẹn, mẹ́fà mẹ́fà làwọn ọmọbìnrin ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ní Áíówà. Mẹ́ta a dúró sí ìdajì pápá kan, àwọn ni ajùbọ́ọ̀lù. Mẹ́ta a dúró sí ìdajì kejì, àwọn ni adènà. Wọ́n fa ìlà sáàárín, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọdá rẹ̀. Ajùbọ́ọ̀lù ló ń jẹ ayò, òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Iṣẹ́ ti adènà kò ju pé kó má jẹ́ kí ará ìhà kejì ráyè; bó bá sì já bọ́ọ̀lù gbà, kó jù ú sọdá ìlà fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, kó wá dúró síbẹ̀ máa wòran. Adènà ni Lavonne.

Àgbàdo ni bàbá rẹ̀, Heye Eilers, ń gbìn, ó sì ń sin màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀. Etí òkun ilẹ̀ Jámánì làwọn baba ńlá wọn ti wá; wọ́n gbé Bíbélì wá, wọ́n sì gbé tíì mímu wá, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èwo ni wọ́n dì mú jù. Èèyàn dídákẹ́ ni Heye. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ó lè bá ọ lọ sọ́jà ẹran kó sì bá ọ bọ̀, kó má sọ ju pé, "Òjò ń bọ̀," lọ, òjò náà a sì rọ̀ lóòótọ́. Tena, ìyàwó rẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Ìgbà ooru ọdún 1952 ni nǹkan yí padà fún wọn. Lavonne jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Merle fi ọdún méjì jù ú. Merle ni gbogbo ilé ń fojú sí lára. Ó ga, ó yára bí ehoro, òun fúnra rẹ̀ ló sì kan òrùka irin mọ́ ògiri ilé màlúù tó ń ju bọ́ọ̀lù sí látàárọ̀ dalẹ́. Àwọn àgbà ìlú ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé bí ọmọ Heye bá dàgbà díẹ̀ sí i, yóò gbé orúkọ Amsel dé Des Moines.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń kó koríko gbígbẹ sí àjà, Merle ní orí ń fọ́ òun. Tena ní kó lọ dùbúlẹ̀ níbi tó tutù. Lọ́jọ́ kejì ó fẹ́ dìde mu omi, ni ilé bá gbọ́ gbì.

"Màámi!" Ohùn rẹ̀ kò tíì dún bí ẹni tẹ́rù ń bà, ó kàn dún bí ẹni tó yà lẹ́nu. "Màámi, ẹsẹ̀ mi ò dá mi lóhùn o."

Dókítà dé, ó fi ọwọ́ kan orúnkún ọmọ náà, ó wo ojú Tena, ó sì yọ awò ojú rẹ̀. Kò tíì lanu tí gbogbo wọn fi mọ̀. Ìgbà ooru yẹn, kò sí ilé tí wọn kì í dárúkọ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń gbọ́. Ọkọ̀ ọsibítù gbé Merle lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n jó aṣọ ibùsùn rẹ̀. Heye dúró lójú ọ̀nà títí eruku ọkọ̀ náà fi wálẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sọ́dọ̀ màlúù nítorí màlúù ò mọ̀ pé nǹkan ṣe.

Ohun tó wá tẹ̀lé e ni Lavonne kò lè gbàgbé láé. Lọ́jọ́ ìsinmi tí wọ́n kọ́kọ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, àga tó wà níwájú wọn ṣófo, èyí tó wà lẹ́yìn wọn náà ṣófo. Ruthella Meints, tó jẹ́ pé bí imú àti ẹnu ni òun àti Lavonne rí, rẹ́rìn-ín sí i, ó sì bọ́ sí àárín ọ̀nà. Lavonne na ọwọ́ gígùn rẹ̀ sí i.

"Ruthella!" Ìyá rẹ̀ ni, Alda Meints, ó ti fa ọmọ náà lápá sẹ́yìn. "Bọ́ síbí! Ṣé mi ò bá ọ sọ̀rọ̀ nílé ni?"

Ọwọ́ Lavonne dúró lófuurufú. Kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Nígbẹ̀yìn ó fi gbé ìwé orin.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó wọ ọgbà wọn. Àwọn obìnrin a gbé oúnjẹ wá lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó àpótí lẹ́tà, lẹ́bàá títì, ni wọ́n ń gbé e sí. Wọn a fun fèrè ọkọ̀, wọn a sì sá lọ. Tena a rìn lọ gbé e. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, a fi omi gbígbóná fọ abọ́, a sá a sóòrùn, a sì dá a padà sídìí òpó.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ tún ń fọ̀ ọ́ fún wọn?" Lavonne bi í. "Ẹ jẹ́ ká jù ú sínú ihò."

"Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ọmọ mi. Ẹni tẹ́rù ń bà tó ṣì rántí se ọ̀dùnkún fúnni, ó gbìyànjú. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran."

Ọmọdé ò lè fi ìyẹn ṣeré ṣá. Bọ́ọ̀lù Merle wà nínú ilé màlúù, kò sẹ́ni tó rántí jó o. Lavonne mú un. Ó ń jù ú mọ́ ògiri, ó ń gbà á. Ó ń jù ú, ó ń gbà á, títí wọ́n fi kórè àgbàdo tán, títí yìnyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ògiri nìkan ni kì í fà sẹ́yìn fún un.

Merle padà wálé nígbà tí yìnyín ń yọ́. Wọ́n de irin mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti itan dé kókósẹ̀, ó sì ń fi ọ̀pá méjì tó kì bọ abẹ́ abíyá wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó burú ju irin lọ ni pé kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn a gbé e sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíṣìnì, òun a wá kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Heye a wọlé, a wò ó, a ṣe bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan, a tún jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lavonne gbé bọ́ọ̀lù wọlé, ó jù ú sórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀ọ̀.

"Gbé e kúrò lára mi," Merle wí.

"O ò ní bá mi ṣeré?"

"Ẹsẹ̀ wo ni n ó fi ṣeré? Ṣé wà á yá mi ní tìẹ ni?"

"Ta ló bi ọ́ léèrè ẹsẹ̀? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú. Àbí wọ́n gba ọwọ́ náà lọ́wọ́ ẹ ní ọsibítù?"

Ìyá wọn tó ń fọ abọ́ dúró gbagidi, kò yíjú. Merle wo àbúrò rẹ̀ tìkà-tẹ̀gbin. Ó gbé bọ́ọ̀lù sókè, ó sì sọ ọ́ lu ojú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà kò dé ojú. Lavonne ti fi ọwọ́ méjèèjì hán an.

Merle tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Níbo lo ti kọ́ ìyẹn?"

"Lọ́dọ̀ ògiri."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún wàrà tán, Merle a jókòó sórí àpótí kékeré tí wọ́n fi ń fún wàrà, a ti ẹ̀yìn mọ́ ògiri abẹ́ òrùka irin, a sì máa tan àbúrò rẹ̀ jẹ. A ṣe bí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sọ́tùn-ún, Lavonne a fò sọ́tùn-ún; bọ́ọ̀lù a gba òsì kọjá. A fojú wo òkè, Lavonne a na ọwọ́ sókè. Bọ́ọ̀lù a gba abẹ́ apá rẹ̀.

"Orí ẹ kò pé," Merle a wí. "Ojú mi lò ń wò. Òpùrọ́ ni ojú. Òpùrọ́ ni èjìká. Ọwọ́ ni baba ńlá òpùrọ́. Ìdodo nìkan ni kì í purọ́. Ibi tí ìdodo bá yí sí, ibẹ̀ lèèyàn ń lọ, ì báà fẹ́, ì báà kọ̀."

"Tó bá wá wọṣọ ńkọ́?"

"Ìwọ ò mọ ibi tí ìdodo èèyàn wà ni? Ṣé ó máa ń ṣí kiri?"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Heye tó ń da oúnjẹ fún màlúù nínú lọ́hùn-ún gbọ́ ẹ̀rín ọmọkùnrin rẹ̀, èyí tí kò gbọ́ láti ìgbà ooru. Ó gbé garawa sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ra ọrùn màlúù tó wà níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí àrùn náà gbé Merle ṣubú ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dé. Wọ́n to àwọn ọmọ sórí ìlà nínú yàrá ìjẹun ilé ìwé, àwọn kéékèèké ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń kó sọ́kọ̀. Merle ní kí wọ́n gbé òun lọ síbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán, ó sì ń sọ fún èyíkéyìí tó bá ń sunkún pé, "Ó dáa, má gbà á. Irin mi wà ńbí tí mo lè yá ọ." Ẹkún a dá wáí. Nígbà tó kan Lavonne, Merle ò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Na ọwọ́ gígùn yẹn síta dáadáa." Lavonne nà án. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé nǹkan kékeré báyìí, ká ní ó tètè dé. Merle náà ń wo abẹ́rẹ́ náà.

Nígbà tí Lavonne wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, Ọ̀gbẹ́ni Boyken tó ń kọ́ wọn ní ìtàn, tó tún ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù, ní kó wá bá àwọn gbá a wò lọ́sàn-án kan. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀nà kọjá lára rẹ̀. Ruthella Meints, tó ti di ajùbọ́ọ̀lù tó mọ ọn jù nínú wọn, fi ìbínú jókòó sílẹ̀.

"Kí lò ń wò lára mi ná?" Ruthella bi í. "Ó ń jẹ́ kí ara máa rìn mí."

"Ṣáà máa gbá bọ́ọ̀lù ẹ," Lavonne dáhùn.

Ọ̀gbẹ́ni Boyken fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ wá ku ti bàbá rẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń mu tíì nílé wọn, ṣúgà olókúta nísàlẹ̀ ife, ọ̀rá wàrà lókè, ẹnikẹ́ni kì í rò ó. Ibẹ̀ ni Lavonne ti sọ ọ́. Heye gbé ife sílẹ̀.

"Ṣòkòtò pénpé ni wọ́n ń wọ̀," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Níwájú ọkùnrin."

"Níwájú gbogbo èèyàn, bàbá. Pásítọ̀ pàápàá máa ń wá wò ó."

"Kí pásítọ̀ dáhùn ti ẹ̀. Ọmọ mi ò ní sáré kiri ní ìhòòhò níwájú ọ̀pọ̀ èrò."

Ìyẹn ti ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí Heye ń sọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan lọ. Lavonne tẹ orí ba. Merle fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìyá wọn ti gbé ìkòkò tíì kalẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ gan-an ni.

"Heye," Tena wí, "nígbà tí àrùn gbé ọmọ wa ṣubú, gbogbo ìlú yìí bẹ̀rù ọmọbìnrin yìí bí ẹni bẹ̀rù adẹ́tẹ̀. Mo rí i tó na ọwọ́ nínú ilé Ọlọ́run, tí wọn ò gbà á. Ìwọ náà rí i. Ọdún kan gbáko, ògiri ló ń bá ṣeré. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń fà sẹ́yìn fún un nígbà yẹn ló wá ń pè é báyìí pé kó wá. Wọ́n fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú. Ìwọ wá ń bá mi sọ̀rọ̀ ṣòkòtò?"

Nílé wọn, ẹni tó bá ti mu tíì tó á ti ṣíbí bọ inú ife, ọ̀rọ̀ a sì parí. Heye mú ṣíbí, ó wò ó, ó tún fi í lélẹ̀ sórí àwo. Ó na ife sí ìyàwó rẹ̀ pé kó bu òmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Lavonne ti ń fún wàrà, bàbá rẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. "Màlúù ò ní dúró de bọ́ọ̀lù o," ó ní. "Tó o bá ti fún wọn tán, ibi tó bá wù ọ́ ni kó o lọ. Èmi ò ní wá wò ó." Lavonne fi orí ti ìhà màlúù, ó sì sunkún ayọ̀ síbẹ̀, kí bàbá rẹ̀ má baà rí i.

Báyìí ló ṣe ń jí ṣáájú gbogbo ilé, tó ń fún wàrà, tó ń lọ sílé ìwé, tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó ń padà wá fún wàrà. Ọwọ́ rẹ̀ le bí okùn. Heye kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: kò wá lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di ọdún 1957, Amsel, ìlú tí kò ní ju òpópónà kan tó dáa lọ, na gbogbo àwọn ìlú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì di ẹni tó ń lọ sí ìdíje ńlá ní Des Moines nínú oṣù Kẹta.

Ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo lọ́jọ́ náà. Ilé ìtajà tilẹ̀kùn, báńkì tilẹ̀kùn. Lavonne àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti bá bọ́ọ̀sì lọ. Tena àti Merle ń múra láti wọ bọ́ọ̀sì èrò, ni ọkọ̀ kan bá yà wọ inú ọgbà wọn. Kò dúró lẹ́bàá òpó àpótí lẹ́tà. Ó wọlé tààrà títí dé ẹnu àtẹ̀gùn. Alda Meints ló sọ̀ kalẹ̀, ó wọ fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Tena," ó ní, "ọkọ̀ mi láyè. Ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀, Merle á lè na ẹsẹ̀." Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Ó yẹ kí n ti wọ ọgbà yìí tipẹ́."

Tena wò ó. Obìnrin tó fọ abọ́, tó sá a sóòrùn, ni Tena. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ó dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ kí ọ̀nà tó kún." Ó sì kọjú sí Merle pé kó wọlé sọ́kọ̀. Kò sí ìgbà kankan tí àwọn méjèèjì tún dá ọ̀rọ̀ náà sọ.

Inú gbọ̀ngàn Des Moines tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí Lavonne rò pé gbogbo àgbàdo bàbá òun lè wọ̀ ọ́, kó má kún. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá gbá a wá láti ìlú ńlá kan ní gúúsù. Ajùbọ́ọ̀lù wọn ni Joylene Pruitt. Àwọn ìwé ìròyìn ti gbé àwòrán rẹ̀ títí ó ti sú wọn. Ó ga, ó rẹwà, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Ìwọ lo máa dí mi lọ́nà?" ó bi Lavonne nígbà tí wọ́n dúró. "Báyìí lẹ ṣe ń dúró ti màlúù nílé yín?"

"Màlúù tiẹ̀ mọ̀wàhù jù ọ́ lọ," Lavonne fèsì. "Kì í sọ̀rọ̀ nígbà iṣẹ́."

Ni rẹfirí bá fọn fèrè. Joylene fi ojú lọ sọ́tùn-ún. Lavonne ò lọ. Ó ju èjìká. Lavonne ò mira. Ó yí gan-an wàyí, Lavonne sì ti wà níbẹ̀, bí ẹni tó ti ń dúró dè é láti àná. Ọmọbìnrin tí ayò tó ń jẹ kì í dín ní ogójì lọ́jọ́ kan wá ń fi agbára káká jẹ méjì, méjì. Nígbà tó yá kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Nígbà tó yá sí i ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Jọ̀ọ́, kí lò ń wò lára mi ná?" ó ní, òógùn ti bò ó lójú.

Lókè lọ́hùn-ún, ohùn kan ṣoṣo yọ láàárín ariwo gbogbo èrò: "Ìdodo, Lavonne! Ìdodo!" Àwọn ará Des Moines tó jókòó ti Merle rò pé irin ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà ti ń ran orí rẹ̀ ni.

Ruthella ń jẹ ayò níhà kejì. Nígbà tí eré fẹ́ parí, Amsel fi ayò kan ṣíwájú, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Joylene. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Joylene fò sókè bí ẹni tó fẹ́ jù ú. Àwọn adènà Amsel méjì yòókù bá a fò. Lavonne nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀, nítorí ìdodo kò tíì gòkè. Nígbà tí Joylene wá sọ̀ kalẹ̀ tó fẹ́ gba ìsàlẹ̀ kọjá, ọwọ́ gígùn kan ti wọ àárín rẹ̀ àti bọ́ọ̀lù, ó sì ti gbà á. Lavonne jù ú sọdá ìlà fún Ruthella. Fèrè dún.

Ruthella sáré wá. Kò sọdá ìlà, ìbẹ̀rù òfin kò tíì kúrò lára rẹ̀, ó kàn dúró létí rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Lavonne. Lavonne dì í mú.

Wọ́n pàdánù eré tó tẹ̀lé e, wọ́n sì padà sílé láìgba ife ẹ̀yẹ. Ìwé ìròyìn gbé àwòrán Ruthella. Orúkọ Lavonne wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sì ṣì í kọ. Kò dùn ún. Ohun tó ń rò lójú ọ̀nà ni pé bàbá òun nìkan ló wà nílé tó ń tọ́jú màlúù, tí kò rí nǹkan kan.

Ẹlòmíràn ló tú àṣírí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ kó wàrà lọ́dọ̀ wọn ló sọ fún Tena pé lọ́sàn-án ọjọ́ eré yẹn, nígbà tí òun débẹ̀, wàrà kò tíì sí. Heye ti pa ẹ̀rọ ìfúnwàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nítorí ariwo rẹ̀, ó sì gbé rédíò sórí àpótí ìfúnwàrà láàárín ilé màlúù, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Àwọn màlúù ń ké, ọyàn ti kún wọn, Heye ń sọ fún wọn pé, "Ẹ dákẹ́! Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọmọ mi!" Nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kígbe pé ọmọbìnrin Eilers ti gba bọ́ọ̀lù, Heye dìde, ó jókòó, ó tún dìde, ó sì gbá awakọ̀ náà mọ́ra. Awakọ̀ ní ìyẹn ló ba òun lẹ́rù jù.

Lavonne fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ju gbólóhùn kan lọ. Nígbà tó wọ ilé màlúù, bàbá rẹ̀ kò gbójú sókè. "Wàrà pẹ́ lọ́jọ́sí," ó ní. Ó gbé garawa. "Kò burú náà."

Bí ilé ìwé ti parí, bọ́ọ̀lù parí. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ibòmíràn tí ọmọbìnrin ti lè gbá a. Lavonne fẹ́ Wendell Frerichs, ọmọ àgbẹ̀ bíi tirẹ̀, wọ́n bímọ mẹ́ta, wọ́n jọ jìyà ọdún tí àgbàdo ò ta, wọ́n jọ jadùn ọdún tó ta. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ díẹ̀, ó lọ bá ilé ìwé Amsel pé òun fẹ́ máa kọ́ àwọn adènà. Kò gbowó. Ó kọ́ wọn títí irun rẹ̀ fi funfun, títí àwọn aláṣẹ eré ìdárayá ní Áíówà fi pa eré ẹlẹ́ni mẹ́fà rẹ́. Merle, tó ti di ẹni tí ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe láàárín ìlú, a máa wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, a sì máa bú àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìyàwó ń wo ọkọ lójú lò ń ṣe yẹn? Wò ó nísàlẹ̀!"

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú.

Nígbà tí Merle di arúgbó, àìlera ìgbà èwe rẹ̀ padà sí i lára, bó ti máa ń ṣe sí àwọn tí àrùn náà bá fi sílẹ̀. Apá tó ti gbé e láti kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ fún un. Kò ní ìyàwó, kò bímọ. Lavonne gbé e wá sílé rẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń gbé e láti bẹ́ẹ̀dì sórí àga. "Apá ọkùnrin tí Ọlọ́run ṣì mọ," Merle a wí, "àṣé ẹrù mi ló dúró dè." Ó kú lọ́sàn-án kan nígbà tí àgbàdo ń yọ irun.

Kò lọ́mọ tí yóò gbé pósí. Pásítọ̀ tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin, ní òun yóò wá ọkùnrin mẹ́fà nínú ìjọ. Lavonne ní kó má ṣe wàhálà, àwọn agbépósí ti wà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, obìnrin mẹ́fà dìde láàárín ìjọ. Adènà ni gbogbo wọn, láti ọdún sí ọdún. Ọ̀kan ti di dókítà ẹran, ọ̀kan ń wa ọkọ̀ àjàgbé, ọ̀kan ti lọ́mọ ọmọ. Pásítọ̀ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Lavonne, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, pósí yẹn wúwo o. Ṣé wọ́n á lè gbé e?"

"Pásítọ̀," Lavonne dáhùn, "ẹ ò tíì pẹ́ nílùú yìí. Ẹ kàn kúrò lójú ọ̀nà fún wọn."

Wọ́n gbé Merle jáde, wọn ò sì fi ẹsẹ̀ kọ.

Títí di òní, Lavonne ṣì ń gbé inú ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ lọ sí ìlú, ó sì máa ń yára ju bí ọlọ́pàá ti fẹ́ lọ. Ọlọ́pàá náà mọ ọkọ̀ rẹ̀. Obìnrin ni ọlọ́pàá yẹn, adènà ni nígbà èwe tirẹ̀, kì í dá Lavonne dúró. Ó kàn máa ń na ọwọ́ síta láti fèrèsé ọkọ̀ ọlọ́pàá, kí i.